Oṣù 7, Bẹ́líìtì Funfun

Ìbejì mi, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọmọ ọdún 7, ń kọ́ taekwondo ní Badore, Ajah, láti oṣù 7 sẹ́yìn. Bẹ́líìtì funfun náà ṣì ni wọ́n ń so. Ọmọ aládùúgbò wa tó ń lọ sí Lekki Phase 1 bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wọn, ó ti gba aláwọ̀ ewé. Ṣé kí n yọ wọ́n níbẹ̀? Kóòṣì wọn tún ní kí èmi náà wá máa kọ́ ọ. Ẹni ọdún 43 tí orúnkún ń dùn! — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ má yọ wọ́n. Ká ní ẹ sọ pé kóòṣì ń nà wọ́n ni, ìdáhùn mi ì bá yàtọ̀. Bẹ́líìtì lẹ fi ń wò ó, bẹ́líìtì ò sì wọ́n lọ́jà.

Ẹ ní kí wọ́n ṣe Taegeuk Il Jang fún yín ní pálọ̀. Òun ni fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀ lé ètò Kukkiwon, ilé taekwondo tí wọ́n kọ́ sí Seoul ní 1972. Ìgbésẹ̀ 18 péré ni. (Bí àwòrán igi bá wà lẹ́yìn aṣọ wọn, ọmọ ITF ni wọ́n, ẹgbẹ́ tí Ọ̀gágun Choi Hong Hi dá sílẹ̀ ní 1966, Chon-Ji ni tiwọn, ìgbésẹ̀ 19.) Ẹ má wo ọwọ́, ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí wọ́n bá yí padà tí ẹsẹ̀ ò gbọ̀n, tí èkíní ò yọjú wo èkejì kó tó mọ èyí tó kàn, owó yín ò ṣòfò. Ẹ bi ẹni tó bá ti ja gídígbò rí: kí a tó gbé ẹlòmíì lulẹ̀, ẹsẹ̀ tiwa ló ń kọ́kọ́ múlẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì Rio ní 2016, Lutalo Muhammad ti Britain ti fẹ́ gba wúrà lọ kí Cheick Sallah Cissé ará Ivory Coast tó yí bírí ní ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn, tó fi ẹsẹ̀ gbá a. 8 sí 6 ló parí sí. Ẹsẹ̀ tí kò múlẹ̀ ò lè yí báyẹn nígbà tó ti rẹ èèyàn.

Mi ò ní bú ilé ẹ̀kọ́ kankan ní Phase 1. Ṣùgbọ́n ìdánwò bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan ló máa ń ní owó tirẹ̀, kí ẹ bá mi bi aládùúgbò yín ìgbà mélòó ló ti san án. Bí wọ́n bá sì ṣèlérí bẹ́líìtì dúdú fún un láìpẹ́, ẹ rántí pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 kì í gba dan, ìyẹn ipele bẹ́líìtì dúdú, ní Kukkiwon. Poom ni wọ́n ń fún un, bẹ́líìtì tó pupa ní ìdajì, tó dúdú ní ìdajì.

Ìrìn dé Phase 1 náà ńkọ́? Láti Badore, ẹ kọjá VGC, Chevron àti Jakande nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀! Àwọn ọmọ á ti sùn lọ nínú mọ́tò.

Ó wá ku tiyín. Bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń tò, wọn kì í fi ọjọ́ orí tò. Àwọn ọmọ yín ló máa dúró níwájú, ẹ̀yin lẹ́yìn pátápátá. Èyí máa ń ká àgbàlagbà lára ju orúnkún lọ. Mo ti rí bàbá tó ṣe ọjọ́ kan péré tí a ò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ìbejì lẹ jẹ́: nínú ilé yín, Táyé ló ṣáájú dé, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ dúró sẹ́yìn wọn. Tí ẹ bá délé, kí èyí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí èyí obìnrin kúnlẹ̀.

Ní ti orúnkún, ẹ kọ́kọ́ fi han dókítà, kí wọ́n bá yín wo ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú. Fún oṣù 3 àkọ́kọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kọjá ìbàdí. Tí ẹ bá sì ń fi ẹsẹ̀ kan gbá nǹkan, ẹ jẹ́ kí èyí tó wà nílẹ̀ bá ara yí. Tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ara ń yí, orúnkún ló ń jìyà rẹ̀.

Ní Sátidé, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn wọn, kí fóònù wà nínú báàgì, kí ẹ wo ohun tí kóòṣì máa ṣe bí ọmọ kan bá bú sẹ́kún. Bó bá bá àwọn tó kù fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ tún kọ̀wé sí mi.