Ẹ̀kọ́ Karùn-ún: Iṣẹ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìdìbò ní Ọjọ́ Ìbò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ ó bá ní ibùdó ìdìbò jẹ́ ọ̀dọ́ bíi tiyín. Àgùnbánirọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ọ̀pọ̀ wọn. Àjọ INEC ti dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ti búra pé àwọn kò ní ṣe ojúsàájú.

Kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀

Olórí òṣìṣẹ́ yóò ṣí àpótí ìdìbò kí gbogbo ènìyàn rí i pé òfìfo ni, lẹ́yìn náà ni yóò tì í pa. Ìdìbò ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 8:30 òwúrọ̀, ó sì ń parí ní aago 2:30 ọ̀sán. Ẹni tí ó bá ti wà lórí ìlà nígbà tí aago 2:30 bá lù ní ẹ̀tọ́ láti dìbò.

Nígbà tí ó bá kàn yín

1. Òṣìṣẹ́ kan yóò wo káàdì ìdìbò yín láti mọ̀ bóyá ibùdó náà ni tiyín.
2. Òmíràn yóò fi ẹ̀rọ BVAS yẹ ìka tàbí ojú yín wò.
3. Ẹlòmíràn yóò sàmì sí orúkọ yín nínú ìwé orúkọ olùdìbò, yóò sì fi tàdáwà kan ìka yín.
4. Olórí wọn yóò lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìdìbò, yóò fọwọ́ sí i, yóò sì kọ déètì sí i. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ìwé náà wò kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀, nítorí ìwé tí kò ní àmì yìí lè di èyí tí a kò kà.

Ìdí tí òṣìṣẹ́ kò fi gbọdọ̀ wo ojú ẹnikẹ́ni

Ká ní ìyá àgbàlagbà kan dé láìní káàdì, tí ó ní, “Ọmọ mi, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí.” Òṣìṣẹ́ yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, yóò ní, “Ẹ má bínú, Mà,” ṣùgbọ́n kò ní fún un ní ìwé ìdìbò. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí ẹ̀rọ bá ka olùdìbò 212, tí a sì bá ìbò 213 nínú àpótí, Òfin Ìdìbò pàṣẹ pé kí olórí òṣìṣẹ́ fagi lé èsì ibùdó náà. Ìwé kan ṣoṣo ló lé, ṣùgbọ́n ìbò gbogbo àdúgbò ni yóò bá a lọ. Tiyín yóò wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdìbò

Wọn yóò ka ìbò sókè lójú gbogbo ènìyàn, wọn yóò kọ èsì sínú ìwé EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú yóò fọwọ́ sí i, a ó sì lẹ èsì mọ́ ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Ẹ lè fi sùúrù dúró, kí ẹ sì kà á.

Ìbéèrè

1. Àmì wo ni ó yẹ kí ó wà lẹ́yìn ìwé ìdìbò yín?
2. Bí òṣìṣẹ́ bá dá ẹnìkan padà nítorí pé kò ní káàdì, ìbò ta ni ó ń dáàbò bò?