Bí O Bá Ń Lọ Dúró Ti Aláìsàn ní Ọsibítù

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé ìyá ọkọ rẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ìwọ ni wọ́n sì ní kó dúró tì wọ́n. O ti fọ kúlà oúnjẹ, o ti ká ẹní. Ó dáa. Àmọ́ nǹkan kan wà tí wọn kì í kọ mọ́ àwọn ohun tí wọ́n ní ká rà wá, òun ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ìbáà jẹ́ ọsibítù ìjọba ní Ìjerò, ní Arámọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n, ìbáà jẹ́ ọsibítù ńlá ti Ìdó-Èkìtì tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní FMC, aláìsàn lè gbé àrùn kan wọlé kó tún kó òmíràn níbẹ̀. Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú aláìsàn 100 tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù láwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀, bíi 15 ló ń kó o. Lọ́dọ̀ àwọn olówó, 7 ni. Òyìnbó pàápàá kò bọ́.

Púpọ̀ nínú kòkòrò tó ń fa irú àrùn bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àlejò. Staphylococcus aureus ń gbé inú imú nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta, láìṣe é ní nǹkan kan. Klebsiella wà nínú ìfun wa jẹ́ẹ́. Pseudomonas ní tirẹ̀ fẹ́ràn ibi tó bá ń rin: síńkì, gárawà omi àná, mọ́ọ̀pù tí kò gbẹ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀bẹ dókítà, abẹ́rẹ́ dírípù àti rọ́bà ìtọ̀ ló ń la ògiri náà, lára ẹni tí agbára rẹ̀ ti relẹ̀. Ẹnu ibẹ̀ ni kí o bá wọn ṣọ́.

Ọwọ́ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ará Èkìtì tí a fi ọwọ́ jẹ iyán, ẹ̀yìn oúnjẹ la máa ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí òórùn ọbẹ̀ lè lọ. Ká tó jẹun, a kàn rì í bọ inú abọ́ tí gbogbo ilé ti rì í bọ̀ ni. Má ṣe bẹ́ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Bí ẹ̀rọ omi kò bá yọ, jẹ́ kí ẹnì kan máa fi kọ́ọ̀pù da omi sí ọ lọ́wọ́, fi ọṣẹ fọ àárín ìka àti abẹ́ èékánná fún bíi ìṣẹ́jú kan, kó o tó fọwọ́ kàn wọ́n àti lẹ́yìn tó o bá kàn wọ́n tán. Tí o bá ti da póò nù, ti ibẹ̀ yẹn kò ṣeé fò. Sánítáísà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lórí ọwọ́ tó dọ̀tí. Ní 1847, nígbà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ní kí àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbẹ̀bí ní Vienna, ikú àwọn abiyamọ dínkù lọ́nà tó yani lẹ́nu. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn dókítà bá a jiyàn. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ bá bínú pé o ní kó fọ ọwọ́, jẹ́ kó bínú.

Ó wá kan ibi tí wọ́n ki abẹ́rẹ́ dírípù bọ̀. Máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Bó bá pọ́n, tó gbóná, tó wú, tàbí tí bándéèjì rẹ̀ tutù, pe nọ́ọ̀sì. Má fọwọ́ tún un lẹ mọ́ra. Àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju ìdí wọn lọ, kí ìtọ̀ má baà padà sínú, kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Máa fi ọ̀wọ̀ béèrè lójoojúmọ́: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ṣì nílò rọ́bà yìí?” Bó bá ṣe ń pẹ́ lára ni ewu ń pọ̀ sí i.

Ti àlejò ló le jù. Gbogbo agbo ilé á wọ bọ́ọ̀sì kan wá láti Ẹ̀fọ̀n, ẹni mẹ́rin á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọdé á máa fa dírípù. Rọra fa àga síta fún wọn. Ẹni tó ń wúkọ́, kó kí wọn lórí fóònù.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró àdúrà pa ojú iṣẹ́ abẹ. Orí wọn ni kí wọ́n fi í pa. Má jẹ́ kí wọ́n fi àgbo tàbí ìyẹ̀fun kápúsù sí i. Mo mọ̀ pé nílé, a máa ń já kápúsù, a ó bu ú sójú egbò. Kì í wò ó sàn, ńṣe ló ń kọ́ kòkòrò láti borí oògùn náà. Oògùn tí dókítà bá kọ, kí wọ́n lò ó bó ṣe kọ ọ́, kódà tí ara bá ti yá.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sílé, ìṣọ́ kò tíì tán. Ojú iṣẹ́ abẹ lè kẹ̀ títí di ọgbọ̀n ọjọ́. Bó bá ń ṣọyún, tó ń rùn, tàbí tí ibà bá mú wọn, má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Ọjọ́ tí o bá rí i gan-an ni kí o gbé wọn padà.