Ìsoríkọ́ Tó Ti Pẹ́ Lára

Bí a bá gbé sàká lọ fún àwọn opó, a máa ń rí èyí tí ìbànújẹ́ rẹ̀ kò lọ. Bí ìsoríkọ́ bá ti bá àgbàlagbà fínra fún ọdún 2, àìsàn ni àwọn dókítà kà á sí. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Nínú hádíìsì Bukhari, Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé talbínà, ẹ̀kọ mímu tí a fi ìyẹ̀fun ọkà báálì sè, máa ń fi ọkàn aláìsàn balẹ̀, ó sì máa ń mú díẹ̀ kúrò nínú ìbànújẹ́. Ẹ kíyè sí i: díẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Áíṣà a máa ní kí wọ́n sè é fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ àti àdúà náà ń ṣèrànwọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe lo ewé St. John's wort pọ̀ mọ́ oògùn ìsoríkọ́ tí dókítà kọ, ó léwu. Ànábì pàṣẹ pé kí á wá ìwòsàn. Ẹni tó bá ń sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ aláìní, a lè fi sàká tọ́jú rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere. Àmín.