Má Tíì Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Yẹn

Àṣàkẹ́, jókòó, jẹ́ n bá ọ wí. Ìyá rẹ ti sọ ohun tí o bá a sọ lórí fóònù fún mi: pé láti ìgbà tí bàbá ọmọ ti kó jáde, apá rẹ ò ká iṣẹ́ alẹ́ àti ọmọ ọdún mẹ́rin pọ̀ mọ́, pé wàá gbé e wá sí Ìbàdàn kó máa gbé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ títí nǹkan á fi rọ̀. O tiẹ̀ tún pòwe fún un, pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Níbo wá ni igba ènìyàn yẹn ń gbé nígbà tí àwọn àgbà pa òwe náà? Ṣebí inú agboolé kan náà ni. Ọmọ á jẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyàwó bàbá àgbà, oorun á gbé e lọ lórí ẹní ìyá àgbà, bó bá sì ké lóru, ìyá tó bí i ń gbọ́. Ìwọ ní London, ọmọ rẹ ní Ìbàdàn, òwe yẹn kọ́ nìyẹn.

Má bínú o. Mi ò sọ pé ọmọ tí ìyá nìkan ń tọ́ á bàjẹ́. Ẹni bá sọ bẹ́ẹ̀ létí mi, a ó jọ jà ni. Ilé olórogún ni wọ́n bí èmi àti bàbá rẹ sí, ìyá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n já mi lẹ́nu ọmú, ọwọ́ ìyá bàbá wa ni wọ́n gbé mi sí. Kò sóhun tó ṣe mí, torí ojúlé kejì ni ìyá mi wà, mo ń rí i láràárọ̀. Bí ilé ṣe rí kọ́ ló ń pa ọmọ lára. Kí ọwọ́ tó ń gbé e máa yí padà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ìdí rẹ̀ fún un, ìyẹn ló ń pa á lára.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London ló yẹ kí ẹ mọ ìtàn yìí jù wá lọ. Láti bíi ọdún 1955 lọ, àwọn ọmọ wa tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà àti nọ́ọ̀sì ń bímọ síbẹ̀. Wọ́n ń kàwé lọ́sàn-án, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóru, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ dúdú. Ni wọ́n bá ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Ìdílé òyìnbó kan á dáhùn láti Kent tàbí Essex, owó á sì máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ọ̀nà yẹn. Àwọn òbí yẹn kì í ṣe ìkà. Nílé, a ti ń gbé ọmọ fún ẹbí tọ́ tipẹ́, wọ́n rò pé bákan náà ni.

O ní ọmọ rẹ ṣì kéré, yóò gbàgbé. Ta ló sọ fún ọ? Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tó ṣe Mr. Eko nínú Lost, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury ní 1967. Nígbà tó ṣì kéré, wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ Yorùbá, ara rẹ̀ ò balẹ̀, wọ́n tún dá a padà. Nígbà tó bàlágà, àárín àwọn skinhead, àwọn ọmọ ìta òyìnbó tó ń lu ènìyàn dúdú, ló bọ́ sí. Òun náà, ọmọ Yorùbá! Ọlọ́run yọ ọ́, ó kàwé òfin, ó sì fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní 2018. Lọ wò ó, má sọ pé o ò ráyè.

Kì í ṣe ìtàn ẹnìkan ṣoṣo ni mo ń wò. Ní Bucharest ní Romania, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ̀ lé ọmọ 136 tó wà nílé ìtọ́jú ọmọ, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ara wọn. Wọ́n kó ìdajì wọn fún alágbàtọ́. Àwọn tó débẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì ló gbérí jù. Alágbàtọ́ ni o, kì í ṣe ìyá tó bí wọn. Nítorí náà, ìyá àgbà lè tọ́ ọmọ yanjú. Ṣùgbọ́n tìrẹ ti mọ òórùn ara rẹ, bí o bá tún wá mú un lọ́wọ́ ìyá àgbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lo já a gbà yẹn.

Ṣé o ti béèrè wákàtí 15 ọ̀fẹ́ lọ́sẹ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4? Òbí tó ń ṣiṣẹ́ lè gbà tó 30. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé iṣẹ́ ọ̀sán lo fẹ́. Bí ó bá ṣòro, ìyá rẹ ni kó gba fíísà wá bẹ̀ ọ́ wò fún oṣù díẹ̀, kí ọmọ dúró lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Sì sọ ibi tí bàbá rẹ̀ lọ fún un, olóríkunkun yìí. Ọmọ tí wọ́n ò bá sọ̀rọ̀ fún á gbà pé òun ló ṣẹ̀.

O ti jẹun? Pè mí lọ́la kí o tó wọṣẹ́. Ní ti bàbá ọmọ yẹn, nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, èmi ni n ó bá a sọ̀rọ̀.