Nígbà tí Bọ́ọ̀lù bá ń Já Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

1. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa ní Àbújá yìí tí nǹkan kò tíì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹni tí ń tajà ní ọjà Wúsè ti ka ṣéńjì lé oníbàárà lọ́wọ́ kọjá iye rẹ̀ rí, nítorí pé oníbàárà mìíràn tí ń bọ̀ ni ó ń wò. Òṣìṣẹ́ ìjọba ti buwọ́ lu ìwé tí kò kà tán rí, nítorí pé orí ìgbéga ni ọkàn rẹ̀ wà. Àṣìṣe kan kì í bani lẹ́rù. Èyí tí ń bani lẹ́rù ni àṣìṣe tí ń padà wá, títí ẹni tí ó ń ṣe é fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá òun. Kí ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe? Kí sì ni kí àwa tí a yí i ká ṣe? Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ lára ọmọ kan tí a bí ní Èkó.

2. Nelson Agholor ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1993 ni a bí i, ó sì wà ní kékeré nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Tampa, ní Florida, ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù yìí kò rí bí èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbá. Ó ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì bí èso kòkó, ọwọ́ ni a sì fi ń jù ú: ẹnì kan yóò jù ú, ẹlòmíràn yóò sáré lọ gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ kan lè gbìyànjú láti rìn síwájú ní yáàdì 10, yáàdì kan náà tí àwọn aláṣọ wa fi ń wọn aṣọ. Bí olùgbà bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀, ìgbìyànjú kan ti lọ lásán, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

3. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles mú un. Òun ni ẹni ogún tí a yàn nínú gbogbo ọ̀dọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ yàn lọ́dún náà. Ìrètí pọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù 23 péré ni ó gbà ní ọdún kìn-ín-ní, àti 36 ní ọdún kejì. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá, 2016, ní Seattle, wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i nígbà tí alátakò kankan kò sún mọ́ ọn, ó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ó dúró sí ibi tí kò yẹ, wọ́n sì fagi lé ayò ńlá tí ẹnìkejì rẹ̀ ti jẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù, 26 sí 15. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìrònú ti pọ̀ jù lórí òun, òun sì ń di ẹrù ru ara òun.

4. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Báwo ni a ṣe ń gba bọ́ọ̀lù náà? Bí ó bá wá sí àyà tàbí sókè, olùgbà yóò sún àtàǹpàkò méjèèjì mọ́ra. Bí ó bá wá sí ìsàlẹ̀ ìbàdí, ọmọńdinrín méjèèjì ni yóò sún mọ́ra. Ojú yóò sì sin bọ́ọ̀lù títí yóò fi wọ àtẹ́lẹwọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ni ó kọ́kọ́ kúrò lára bọ́ọ̀lù kí ọwọ́ tó kùnà: olùgbà ti ń wo alátakò tí ń bọ̀, tàbí ibi tí yóò sá gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Bọ́ọ̀lù àná àti bọ́ọ̀lù òní ni ó ń wò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà ní afẹ́fẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

5. Kí ni olùkọ́ wọn, Doug Pederson, ṣe? Kò lé e lọ. Ó ní kí ó jókòó nínú ìdíje ọjọ́ 28 oṣù náà, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2017, wọ́n mú un kúrò ní etí pápá, wọ́n sì fi í sí ìhà àárín, níbi tí ó bá a mu jù. Lọ́dún náà, bọ́ọ̀lù 62 ni ó gbà, ó sì jẹ ayò ńlá 8. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, 2018, ní àṣekágbá ní Minneapolis, ó gba bọ́ọ̀lù 9. Kò sí ẹni tí ó gbà tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n borí, 41 sí 33.

6. Bí a bá dúró síbẹ̀, a ó tan ara wa jẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, 2019, ní Atlanta, nígbà tí ìdíje ń lọ sópin, bọ́ọ̀lù tí ì bá gba ẹgbẹ́ rẹ̀ là tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi Philadelphia sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà. Síbẹ̀, ní ọdún 2020, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Las Vegas Raiders, ó kó yáàdì 896 jọ, èyí tí ó ju ti ọdún èyíkéyìí tí ó ti ṣe ṣáájú lọ. Ìwòsàn irú àìlera yìí dà bí ilé gbígbá nígbà ọyẹ́ ní Àbújá. Eruku yóò padà ní òwúrọ̀ ọ̀la. A kì í torí rẹ̀ kó kúrò nílé, ìgbálẹ̀ ni a tún ń mú.

7. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ọ̀dọ́ kan wà láàárín wa tí ó ṣi ọ̀rọ̀ kà níwájú ìjọ. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó kà lẹ́ẹ̀kejì, ojú wa ni ó ń wò, kì í ṣe ìwé. Ó tún ṣì í kà. Láti ìgbà náà, kò gbà láti dìde mọ́. Ẹ̀rín wa ni ó mú ojú rẹ̀ kúrò lára ìwé. Àwọn ọmọ wa tí ìdánwò ti já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí àwa àgbà wo ẹ̀yìn, kí a mọ ohun tí ó gbé ọmọ náà ṣubú. Kí a fún un ní ìsinmi, ṣùgbọ́n kí a dá ọjọ́ tí yóò padà. Kí a wá àyè tí ó bá a mu. Kí a má sì máa ka ìṣubú àtijọ́ sí i létí.

8. Ìwọ tí nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, bọ́ọ̀lù àná ti wà nílẹ̀, kò sí nínú ìdíje mọ́. Èyí tí ń bọ̀ ni kí o wò, títí yóò fi kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ.

Ìbéèrè fún Àyẹ̀wò

(a) Kí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ kùnà, ojú tàbí ọwọ́? (Ìpínrọ̀ 4)
(b) Ohun méjì wo ni a ṣe fún ọ̀dọ́ náà kí ó tó dìde? (Ìpínrọ̀ 5)
(d) Èé ṣe tí a fi fi ìwòsàn yìí wé ilé gbígbá nígbà ọyẹ́? (Ìpínrọ̀ 6)
(e) Ta ni ó yẹ kí a lọ bẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ó lè tún dìde kàwé? (Ìpínrọ̀ 7)