Ẹ̀KỌ́: TA NI Ó DÁ ỌLỌ́RUN?

Ibi kíkà: Heberu 3:1-6, Romu 1:18-20
Àkọ́sórí: Heberu 3:4

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ wa máa ń bi wá, láti kékeré títí wọn ó fi wọ yunifásítì: “Bí Ọlọ́run bá dá ohun gbogbo, ta ni ó dá Ọlọ́run?” Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa dá wọn lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a pa lẹ́nu mọ́ nílé yóò gba ìdáhùn níta.

1. Okùnfà Àkọ́kọ́
Thomas Aquinas, àlùfáà àti olùkọ́ ará Ítálì tí ó kú ní ọdún 1274, kọ ọ̀nà márùn-ún tí èrò orí lè gbà mọ̀ pé Ọlọ́run wà sínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae. Ọ̀nà kejì nìyí: kò sí ohun tí ó lè fa ara rẹ̀ wá, bí kò bá sì sí okùnfà àkọ́kọ́, àwọn tí ó tẹ̀ lé e kò lè sí.

Kí ìṣáná tó pọ̀, àwọn ìyá wa a máa tọrọ ògúnná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Bí aládùúgbò bá ní òun náà ń lọ tọrọ ni, tí ẹnìkejì tún wí bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀kẹta náà wí bẹ́ẹ̀, títí lọ, ìkòkò kankan kò ní hó láéláé. Ó di dandan kí ẹnì kan wà tí iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìtọrọ. Gbogbo ẹ̀dá ni ó tọrọ wíwà. Ọlọ́run kò tọrọ. Ẹni tí ó bá ń bèèrè ẹni tí ó dá Ọlọ́run dà bí ẹni tí ń bèèrè ibi tí ẹni tí kò tọrọ iná ti lọ tọrọ ọ́.

2. Àtakò
Ní ọdún 1948, Bertrand Russell, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì, bá àlùfáà Copleston jiyàn lórí rédíò BBC. Ó ní òtítọ́ ni pé ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní ìyá, ṣùgbọ́n èyí kò wí pé ìran ènìyàn lápapọ̀ ní ìyá. Kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́, ó lágbára.

Aquinas kò gbé àlàyé rẹ̀ ka ìgbà tí ayé bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ìgbàgbọ́ ni a fi mọ̀ pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ń bèèrè ni ẹni tí ó gbé ohun gbogbo ró nísinsìnyí. Ìyá lè kú kí ọmọ rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí iná bá kú lábẹ́ ìkòkò, kò pẹ́ tí híhó rẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró. Ìdáhùn yìí kò tẹ́ gbogbo ọ̀mọ̀wé lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé onígbàgbọ́ náà ń ronú.

3. Ibi tí ó mọ
Àlàyé yìí kò lè sọ fún wa bóyá Okùnfà Àkọ́kọ́ náà fẹ́ràn wa. Ìyá tí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ ní ọsibítù ń wá Baba tí ń gbọ́ àdúrà. Kristi ni ó fi Baba náà hàn wá (Johanu 14:8-11).

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Báwo ni a ó ṣe ṣàlàyé ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọ ọdún mẹ́jọ?
(b) Kí ni Kristi fi hàn nípa Ọlọ́run tí èrò orí nìkan kò lè mọ̀?

Kí Olúwa fún wa ní sùúrù àti ọgbọ́n láti dá àwọn ọmọ wa lóhùn. Àmín.