Èéfín Tí Ó Fo Ògiri

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, èéfín ilé-iṣẹ́ kì í dúró nínú ọgbà ẹni tí ó ni ín. Ohun tí wọ́n bá sun ní Ìlúpéjú tàbí Mátórí, ará Mushin ni yóò fà á símú. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ búburú fa ikú àìtọ́jọ́ ènìyàn 11,200 ní Èkó ní 2018. Ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Àjọ LASEPA ni ìjọba Èkó yàn láti máa yẹ ilé-iṣẹ́ wò. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó nìyẹn. Rárá o! Nínú Mudawwana, ìwé fikíhì Málíkì, ìdájọ́ wà pé bí ẹnì kan bá kọ́ ààrò sórí ilẹ̀ ara rẹ̀, tí èéfín rẹ̀ ń ni aládùúgbò lára, wọ́n lè dá a dúró. Òun ló ni ilẹ̀, kì í ṣe òun ló ni afẹ́fẹ́.

Nítorí náà, bí olùyẹ̀wò bá dé, kí òṣìṣẹ́ Mùsùlùmí má bá ọ̀gá rẹ̀ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Kí àwa náà yí ẹnu jẹnẹrétọ̀ wa kúrò lójú fèrèsé ẹlòmíràn. Kí Ọlọ́hun ṣe wá ní aládùúgbò rere. Àmín.